Ìsinmi Obìnrin Tó Bímọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí obìnrin kan ní Bétérou bá ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ọ̀gá kan, tí ó sì lóyún, ṣé kí ọ̀gá lé e ni? Rárá o. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Benin ti ọdún 1998 kò gbà á.

Òfin náà fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14: ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó bímọ, ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn ìbímọ. Bí oyún tàbí ìbímọ bá dá àìsàn sí i lára, ó lè fi ọ̀sẹ̀ 4 kún un. Ní gbogbo àkókò ìsinmi yìí, ọ̀gá kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá padà, ó ní wákàtí kan lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú, títí ọmọ yóò fi pé oṣù 15. Kì í ṣe àánú ọ̀gá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n dókítà ní láti jẹ́rìí sí oyún náà. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí yẹn, ẹ kà á, ẹ tọ́jú rẹ̀. (Nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ́ ìwé kíkà.)

Ohun tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wa kò ní ọ̀gá. Oko iṣu, oko òwú, ọjà: ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn wà. Ta ni yóò fún wọn ní ọ̀sẹ̀ 8? Ẹ̀yin ọkọ ni mo ń bá wí, àti ẹ̀yin ìyá ọkọ. Ẹni tó bímọ níjẹta, ẹ má rán an lọ pọnmi. Lójú tèmi, ohun tí òfin fún obìnrin olówó oṣù, ó yẹ kí ilé fún ìyàwó àgbẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bi ìyàwó yín lálẹ́ òní: ọjọ́ mélòó ni ó fi sinmi nígbà tí ó bí àbíkẹ́yìn yín?