Àwọn Ọba Wa Kò Fi Ohun Ààfin Gba Jíǹgì

Ẹ̀yin ará Ìbàràpá, ọ̀rọ̀ kan ti mọ́ wa lẹ́nu jù. Ẹ ó gbọ́ ọ lọ́jà Igbó-Ọrà, ẹ ó gbọ́ ọ ní Èrúwà: pé àwọn ọba ayé ìjọ́un kò mọ iyì ohun tó wà láàfin wọn, jíǹgì àti ọtí ni wọ́n fi ń gbà, ọpẹ́lọpẹ́ òyìnbó tó bá wa kó o pamọ́. Irọ́ ni, irọ́ ọ̀hún sì ń pa wá lára.

Ẹ wo Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ìsẹ̀, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba ìlú náà. Lápá kan, ọba jókòó tòun tadé, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lápá kejì, àjẹ́lẹ̀ òyìnbó tó ń jẹ́ Ambrose ló ń bọ̀, àwọn ọkùnrin méjì gbé e lé èjìká. Lọ́dún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ó sì wọ British Museum lójú. Wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà kò tà. Ó ní àfi kí wọ́n ṣe ìtẹ́ ọba fún òun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tó wu òun. Wọ́n ṣe é, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn dípò. Ọwọ́ òyìnbó ló le nígbà náà, pàṣípààrọ̀ ọ̀hún kò sì dọ́gba lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ṣé bí ẹni tí kò mọ iyì ọjà ṣe ń nájà nìyẹn?

Ní Ilé-Ifẹ̀, lọ́dún 1938, àwọn tó ń walẹ̀ nílé Wúnmọníjẹ̀ kan àwọn orí idẹ. Ààfin Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ oníwèé ìròyìn kan tó jẹ́ òyìnbó, ó sì di ti British Museum. Méjì tí William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, rà lọ sí Amẹ́ríkà padà wálé ní 1950.

Bìní ńkọ́? Ta ló fún Ọba Ovonramwẹn ní jíǹgì lọ́dún 1897? Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló fi ìbọn wọ ìlú, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún idẹ àti eyín erin, wọ́n lé ọba lọ sí Kàlàbá, ibẹ̀ ló kú sí.

Àwọn tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó á ní olè pọ̀ níbí. Olè ti wọ músíọ́mù wa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní 2023, British Museum fẹnu ara rẹ̀ sọ pé nǹkan bí 2,000 ló ti sọnù, tí wọ́n jí tàbí tí wọ́n bà jẹ́ lọ́dọ̀ òun. Ṣé ká wá tìtorí ẹ̀ sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kò tó ohun ìní í ṣọ́?

Ẹni tó bá gbà pé baba òun kò mọ iyì kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó ta ère ìbejì ilé wọn fún alágbàtà. Kò ní bìkítà bí ikán bá ń jẹ ìwé àjẹ́lẹ̀ láàfin.

Nítorí náà, mo bẹ Kábíyèsí Elérúwà, Olú Igbó-Ọrà àtàwọn ọba Ìbàràpá yòókù: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wá ya fọ́tò gbogbo ohun àtijọ́ tó wà láàfin yín, ọ̀pá àṣẹ ayé òyìnbó, àga, lẹ́tà, àwòrán. Kí wọ́n kọ ẹni tó mú un wá àti ẹni tó lò ó sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Kí ẹ̀dà kan wà láàfin, kí òmíràn wà ní Poly Èrúwà.