Kì Í Ṣe Orúkọ Ìlú Ló Ń Ya Àwòrán

Ní Sábó, ìbáà jẹ́ ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ́ ayàwòrán tó fi ọ̀pọ̀ oṣù dá àjọ nítorí lẹ́ǹsì kan ṣoṣo kì í kọ́kọ́ fi lẹ́ǹsì náà ya nǹkan kan wò. Ìdí rẹ̀ ló máa ń yí wò. Bí wọ́n bá kọ Jàpáànù síbẹ̀, inú rẹ̀ a dùn. Bí ó bá jẹ́ Ṣáínà tàbí Táílándì, a dá a padà, òǹtajà a sì gbé èyí tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Àṣà yìí ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn. Ó tó kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ayé ti ń fi orúkọ ilẹ̀ tan ara rẹ̀ jẹ. Ní ọdún 1887, òfin kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó mú kí wọ́n máa kọ ọ́ sára ọjà Jámánì pé Jámánì ló ti wá, nítorí wọ́n kà á sí gbàrọgùdù. Kò pẹ́ tí àkọlé ìkìlọ̀ náà fi di àmì iyì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó kan ọjà Jàpáànù láti jẹ yẹ̀yẹ́. Ní 1950, David Douglas Duncan, ayàwòrán ìwé ìròyìn Life, fi lẹ́ǹsì Nikon ya ogun Kòríà, ẹnu sì ya àwọn òyìnbó bí àwòrán náà ti mọ́ tó. Jàpáànù tí wọ́n ń júbà fún lónìí ni Ṣáínà àná.

Lónìí ńkọ́? Nikon ní ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ayutthaya, ní Táílándì. Nígbà tí omíyalé bò ó ní 2011, ọjà kámẹ́rà mì káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Zeiss, orúkọ Jámánì, ilé-iṣẹ́ Cosina ní Jàpáànù ló ṣe wọ́n. Leica pàápàá ti ní ilé-iṣẹ́ ní Pọ́túgàl láti 1973. Ẹni tó bá ń ra ilẹ̀, kí ó sọ èyí tó ń rà gan-an.

Àwọn kan yóò ní ọjà Ṣáínà ti jẹ àwọn níyà rí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ayédèrú ló jẹ wọ́n níyà. Ẹni tó lè ṣe ayédèrú lẹ́ǹsì kò ní ṣàìlè kọ Jàpáànù sí i lára.

Ọ̀yọ́ ni ìlú àwọn afíngbá. Ẹni tó bá ń ra igbá níbẹ̀ a yí i síwá sẹ́yìn, a wò ó bóyá ó sán. Kì í bèèrè oko tí ó ti so. Bẹ́ẹ̀ ni kí ayàwòrán ṣe. Kí ó gbé lẹ́ǹsì sójú ìmọ́lẹ̀, kí ó wò ó bóyá ohun kan ti hù bí òwú aláǹtakùn nínú dígí rẹ̀, nítorí ọ̀rinrin òjò ń ba tòkunbọ̀ jẹ́. Kí ó yà á wò, kí ó rí i pé ọ̀tún àti òsì àwòrán mọ́ dọ́gba. Kí ó bèèrè ẹni tí yóò tún un ṣe, kí ó sì gba rìsíìtì.

Ìyàwó tó bá gba àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ kò ní bèèrè ibi tí lẹ́ǹsì ti wá. Bí ojú rẹ̀ kò bá hàn kedere níbẹ̀, ayàwòrán ni yóò bá wí, kì í ṣe Táílándì.