Ohun Tí Aago Ń Kà

Ẹ dúró sí gbangba ọjà Sakété ní agogo méjìlá ọ̀sán, kí ẹ wo òjìji ara yín. Oòrùn kò tíì dé góńgó. Yóò tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 sí i, ó lè dín, ó lè lé díẹ̀, oṣù ló ń sọ ọ́. Bákan náà ló rí ní Pobè, torí ọ̀gangan àríwá Sakété ni Pobè wà. Aago kọ́ ló ṣìnà. Aago kan náà ni àwa ní orílẹ̀-èdè Benin àti Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù jọ ń lò, ìlà tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀ sì jìnnà sí wa ní ìhà ìlà-oòrùn.

Kí wá ni aago ń kà gan-an? Ohun tó ń ṣe bákan náà léraléra ni. Àwọn baba wa ka àkùkọ àti òjìji. Aago ògiri àtijọ́ ń ka irin tó ń fì síwá sẹ́yìn. Aago ọwọ́ ń ka gbígbọ̀n òkúta kékeré kan tó ń jẹ́ quartz. Ṣùgbọ́n òjìji ń yí pẹ̀lú oṣù, ooru ń mú irin gùn, quartz kan kò sì bá èkejì dọ́gba délẹ̀. Átọ́ọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀. Átọ́ọ̀mù caesium tó wà ní Paris àti èyí tó wà ní Pobè kò fi ohunkóhun yàtọ̀; ìbejì pàápàá kì í jọra tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á nìyí: wọ́n á darí ìgbì kan sí átọ́ọ̀mù. Bí gbígbọ̀n ìgbì náà kò bá ṣe gẹ́ẹ́, átọ́ọ̀mù kò ní dáhùn. Bó bá dáhùn, wọ́n á ka ìgbì yẹn. Lọ́dún 1955, Louis Essen àti Jack Parry ṣe aago caesium tó ṣeé gbára lé ní Teddington, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1967, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé ìgbà 9,192,631,770 tí ìgbì náà bá gbọ̀n ni ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Onímọ̀ físíìsì Jun Ye, ní ilé-iṣẹ́ JILA ní Colorado, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, kò dúró síbẹ̀. Átọ́ọ̀mù strontium ló ń lò, ìmọ́lẹ̀ pupa ni átọ́ọ̀mù náà sì ń dáhùn sí, èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà tó lé ní tírílíọ̀nù 429 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó ń fi garawa wọn epo pupa kò ní mọ̀ bí ṣíbí kan bá dín. Ẹni tó ń fi ṣíbí wọ̀n ọ́n yóò mọ̀; ṣíbí ni gbígbọ̀n ti strontium, garawa ni ti caesium. Lọ́dún 2022, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú aago yìí rí ohun tí Einstein ti sọ tẹ́lẹ̀: bí ibì kan bá ṣe súnmọ́ ilẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àkókò ń rọra rìn níbẹ̀. Mìlímítà kan péré ni ìyàtọ̀ gíga tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọlọ́kadà tó ń fi fóònù wá ọ̀nà láti Sakété lọ sí Pobè, sátẹ́láìtì tó gbé aago átọ́ọ̀mù lọ sójú òfuurufú ló ń fọ̀nà hàn án. Bí ọ̀kan nínú àwọn aago náà bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ṣìnà, ìṣirò bí sátẹ́láìtì náà ṣe jìnnà sí fóònù yóò fi mítà 300 yẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì ìlú méjèèjì, ẹ kó àwọn ọmọ jáde lọ́sàn-án. Ẹ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, kí wọ́n sàmì sí òjìji rẹ̀ nígbà tó bá kúrú jù lọ, kí wọ́n sì wo aago. Ọmọ tó bá fojú ara rẹ̀ rí ìṣẹ́jú 50 yẹn ti bọ́ sójú ọ̀nà tí Essen àti Ye tọ̀.