Bí Ìwòsàn Éèdì Bá Dé, Ta Ni Yóò Lè Rà Á?

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin ará wa ní mọ́sálásí, àrùn kògbóògùn ni a máa ń pe éèdì. Orúkọ yìí kò bá a mu mọ́, nítorí ó ti ń gbóògùn. Ẹni tí ó ní kòkòrò HIV, tí ó sì ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, lè dàgbà dàrúgbó, kí ó sì bí ọmọ tí kò ní kòkòrò náà lára. Ohun tí a kò tíì ní ni ìwòsàn pátápátá, èyí tí ènìyàn yóò gbà lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì bọ́ lọ́wọ́ oògùn.

Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ti rí irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Timothy Ray Brown, ọmọ Amẹ́ríkà, gba mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn ní ìlú Berlin ní ọdún 2007 àti 2008 nítorí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, HIV sì lọ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú náà léwu púpọ̀, a kì í ṣe é fún ẹni tí HIV nìkan ń bá jà. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń wá ọ̀nà láti tún ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ṣe kí kòkòrò náà má lè wọ inú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ni tiwa. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, tí a fi ń tún ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ṣe. Iye tí wọ́n dá lé e fún ẹnì kan ṣoṣo ni $2.2 mílíọ̀nù. Oògùn HIV tí ó wọ́pọ̀ jù ní Áfíríkà kò tó $45 lọ́dún fún ẹnì kan. Bí ìwòsàn HIV bá dé ní iye Casgevy, owó ẹnì kan yóò ra oògùn ọdún kan fún ènìyàn tí ó lé ní 48,000. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Àwọn kan lè ní, bí oògùn bá pọ́ọ́kú tó báyìí, kí ni a tún ń wá ìwòsàn fún? A kò gbà bẹ́ẹ̀. Oògùn ojoojúmọ́ dà bí owó ilé tí ayálégbé ń san: bí owó bá tán, wàhálà dé. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 tí ìjọba Amẹ́ríkà dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró, ẹ̀rù ba àwọn tí ń gba oògùn. Ní oṣù kejì, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ₦4.8 bílíọ̀nù láti fi ra oògùn HIV. Èyí dára, nítorí ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Yàtọ̀ sí owó oògùn, owó àyẹ̀wò wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ìtìjú sì wà níbẹ̀. Ìwòsàn tí yóò mú gbogbo èyí kúrò yẹ ní ohun tí a ń ra, bí kò bá ti kọjá agbára wa.

Owó lè wálẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2000, oògùn HIV ọdún kan fún ẹnì kan ju $10,000 lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ Cipla ní Íńdíà kéde pé òun yóò tà á fún ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláàánú ní $350. Kì í ṣe pé owó náà ṣàdédé wálẹ̀: àwọn ènìyàn pariwo, àwọn aṣe-oògùn mìíràn sì bá àwọn ti àkọ́kọ́ díje. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti kú kí ó tó di ìgbà náà.

Èrò wa nìyí. Kí àwọn ìjọba Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà láti ìsinsìnyí, kí wọ́n má dúró títí ìwòsàn yóò fi dé ọjà. Kí àwọn onímọ̀ wá èyí tí nọ́ọ̀sì lè fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn abúlé. Kí a má sì mú owó oògùn òní lọ ná sórí ìlérí ọ̀la.

Ní ti ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rántí pé ìwòsàn náà kò tíì sí lọ́jà. Ẹni tí ó bá ń ta àgbo tàbí ìyẹ̀fun ní orúkọ rẹ̀, ẹ sá fún un. Ẹni tí ó ń lo oògùn, kí ó má ṣe dá a dúró. Ẹ má sì sá fún ẹni tí ó ní i. Kí Ọlọ́run Ọba fún gbogbo wa ní àlàáfíà.