Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́ Ara Wa Ní Ọ̀rọ̀ Asopọ̀

Nínú ẹ̀kọ́ alẹ́ tí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ń ṣe, a ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bí a ṣe ń ka ìwé owó oṣù àti bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ìsinmi. Iṣẹ́ rere ni, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan kù tí a gbọ́dọ̀ mú ní pàtàkì láti ìsinsìnyí lọ, èyíinì ni ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ asopọ̀: nítorí pé, ṣùgbọ́n, tàbí, àfi bí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé, nítorí náà. Àwọn kan lè bi wá pé kí ni èyí kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ṣebí iṣẹ́ tíṣà ni. Èsì wa ni pé owó oṣù òṣìṣẹ́ a máa so rọ̀ mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Manéjà kọ kúẹ́rì sí awakọ̀ kan pé bọ́ọ̀sì tí ó ń wà forí sọ ògiri, pé a ó yọ owó àtúnṣe nínú owó oṣù rẹ̀. Awakọ̀ fèsì pé: “Bọ́ọ̀sì forí sọ ògiri. Bírékì kò mú. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ owó mi.” Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ńṣe ni ó da gbólóhùn mẹ́rin sílẹ̀ bí ẹni da irin sílẹ̀ láìfi nọ́ọ̀tì àti bóòtù dè é. Manéjà yóò mú èyí tí ó wù ú, ìyẹn ti ògiri, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni awakọ̀ bẹ̀, kò tíì rojọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dè é pọ̀: “Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo wa bọ́ọ̀sì náà, àìbìkítà mi kọ́ ni ó fà á tí ó fi forí sọ ògiri, nítorí pé bírékì kò mú. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ bírékì náà sínú ìwé ọkọ̀ ní ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n a kò tún un ṣe. Nítorí náà, kò tọ́ kí a yọ owó mi.” Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti di ẹjọ́. Manéjà kò lè fa gbólóhùn kan yọ láìjẹ́ pé èyí tí ó kù tẹ̀ lé e.

Ẹ sì kíyè sí i pé ìsopọ̀ yìí ń fi ihò inú ọ̀rọ̀ náà hàn. Ẹni tí ó bá kà á yóò bèèrè pé, bí ìwọ bá mọ̀ pé bírékì kò dára, èé ṣe tí o fi gbé ọkọ̀ jáde? Bí ẹnìkan ní gáréèjì bá sọ fún awakọ̀ náà pé a ti tún un ṣe, kí ó kọ ọ́, kí ó sì sọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ rí ihò náà nínú kíláàsì ju kí manéjà rí i lọ.

Òfin pàápàá, orí ọ̀rọ̀ asopọ̀ ni ó dúró sí. Òfin Òṣìṣẹ́ ti 1974, tí a ṣì ń lò di òní, sọ nínú abala 5 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ yọ owó òṣìṣẹ́ nítorí àdánù, àfi bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ hùwà àìtọ́ tàbí tí ó ṣe àìbìkítà, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Gbogbo owó tí a bá yọ nínú oṣù kan kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Àfi bí ń sọ fún wa pé kí a má yọ owó ni ìlànà. Tàbí ń sọ pé ọ̀kan nínú ẹ̀sùn méjèèjì tó fún manéjà: ẹni tí ó bá kọ pé “Èmi kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é” nìkan, ìdajì ẹ̀sùn ni ó dáhùn. Ó gbọ́dọ̀ fi kún un pé òun kò sì ṣe àìbìkítà. Sì náà ní agbára tirẹ̀: bí kò bá sí ìwé àṣẹ ìjọba, owó kò ṣeé yọ, ìbáà jẹ́ pé awakọ̀ jẹ̀bi.

Kì í ṣe ohun àjèjì ni a fẹ́ kọ́ ara wa. Àwọn baba wa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìdajì àkọ́kọ́ gbà fún ọmọdé ohun tí ó tọ́ sí i. Ìdajì kejì gba ẹjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gan-an nìyẹn. Ohun tí ó kù ni kí a gbé e láti ẹnu sórí ìwé.

Nítorí náà ni a ṣe ń dá a lábàá pé kí a kọ́kọ́ fi Yorùbá kọ́ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ kúẹ́rì. Ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, fi hàn pé wọn kò torí rẹ̀ rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kí olùkọ́ sì kìlọ̀ pé èdè kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀. Àti wa kì í so gbólóhùn pọ̀. Sì ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. A kì í wí pé “Mo dá ọkọ̀ dúró àti mo pe fóómànù.” “Mo dá ọkọ̀ dúró, mo sì pe fóómànù” ni.

Báwo ni kí a ṣe kọ́ ọ? Kí olùkọ́ kọ gbólóhùn méjì sójú pátákó: “Mo pẹ́ dé” àti “Ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà.” Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣùgbọ́n so wọ́n, kí ó sì yí wọn padà, kí ó rí i pé gbólóhùn tí ó bá gbẹ̀yìn ni ó ń borí. Kí ó tún fi nítorí pé so wọ́n. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan ṣe manéjà, kí ẹnìkejì ṣe òṣìṣẹ́, kí wọ́n fi ẹnu jiyàn kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àmọ́ o, ọ̀rọ̀ asopọ̀ kì í sọ irọ́ di òtítọ́. Ẹni tí ó bá kọ nítorí pé gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́: ojú ìwé ọkọ̀, ìwé dókítà, tàbí ẹlẹ́rìí.

Àwọn kan yóò ní akọ̀wé ẹgbẹ́ ń bẹ fún èyí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà púpọ̀ ni kúẹ́rì ń fún ni ní wákàtí 24 péré, orúkọ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó sì wà lábẹ́ èsì. A rọ ìgbìmọ̀ ẹ̀ka kí ó ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. A sì rọ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ kí ẹ mú àwọn kúẹ́rì àtijọ́ yín wá, kí ẹ pa orúkọ inú wọn rẹ́, kí a fi wọ́n kọ́ ara wa. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ó wá kọ́ ẹnìkejì. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.