Dísìkì Méjì, Ilé Méjì

Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ti mọ̀ pé kọ̀ǹpútà là ń fi jẹun, ìbéèrè kan náà ni: "Ẹ jọ̀ọ́, háàdì dísìkì wo ló dáa jù tí mo lè kó fáìlì ilé sí?" Wọ́n ń retí kí a dárúkọ ilé iṣẹ́ kan, kí wọ́n lè lọ rà á ní Computer Village ní Ìkẹjà, kí ọkàn wọn sì balẹ̀. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń kó bá wa. Ohun tó yẹ kí á máa bi ara wa ni pé: ẹ̀dà mélòó la ní, ibo ni ìkọ̀ọ̀kan wọn sì wà?

Ẹ má pè wá ní alágbàwí òfìfo. Ojú wa ti rí i.

Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé ilé kan ní Jíbówú, kóòdù ni gbogbo wa ń kọ. Ní 2019, a tẹ̀lé ọ̀kan nínú wa lọ sílé wọn ní Ìkìrun. A jókòó ti ìyá àgbà wọn, a gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, màmá sì ki oríkì ìdílé wọn fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n ń sinmi, wọ́n ń mu omi, wọ́n tún ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dárúkọ àwọn èèyàn tí bàbá ọ̀rẹ́ wa fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá àgbà gbogbo wa ni wọ́n.

Nígbà tó yá, fóònù kún. A ra fíláàṣì kan tí wọ́n kọ 2TB sí lára. Iye tí a rà á kò ju owó ìrẹsì ẹlẹ́ran fún àwa mẹ́ta lọ. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti ta wá lólobó, àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà! A kó gbogbo rẹ̀ sí i, a rí orúkọ fáìlì níbẹ̀, a sì pa ti orí fóònù rẹ́. Ní 2021, màmá papò dà. Àwọn ọmọ wọn ní kí a mú ohùn wọn wá, kí wọ́n lè gbọ́ ọ níbi ìsìnkú. A ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà. Orúkọ fáìlì wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohùn ni kò sí.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwa la jẹ́ kó bọ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ yín ṣì ń rà á. Nínú irú fíláàṣì bẹ́ẹ̀, ibi ìpamọ́ tòótọ́ lè má ju 32GB lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọ láti parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé 2TB lòun. Kọ̀ǹpútà á gbà á gbọ́. Tí ibi tòótọ́ yẹn bá ti kún, ohun tí ẹ bá tún kó sí i á máa gorí èyí tó ti wà níbẹ̀, tàbí kó kàn pòórá. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé àkọsílẹ̀ orúkọ fáìlì wà ní ibòmíì lórí fíláàṣì náà, orúkọ á ṣì máa hàn. Ó dà bí ìgbà tí a kọ orúkọ sára àpò gààrí, tí kò sí gààrí nínú rẹ̀.

Ìdánwò wà, ọ̀fẹ́ sì ni: H2testw fún Windows, F3 fún Linux àti Mac. Wọ́n á kọ nǹkan kún dísìkì náà títí dé ẹnu, wọ́n á sì kà á padà láti mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ ni wọ́n bá. Ó lè gba òru kan gbáko. Ẹ jẹ́ kó gbà á. Ẹ má kó ohunkóhun tí ẹ fẹ́ràn sórí dísìkì tí ẹ ò tíì dán wò.

Ohun tó dùn wá jù nìyí. Ní gbogbo àsìkò tí ohùn màmá fi wà lórí fíláàṣì kan ṣoṣo yẹn, kóòdù àwọn oníbàárà wa wà níbi mẹ́ta: lórí kọ̀ǹpútà wa, lórí GitHub, àti lórí sáfà. Kóòdù ojú ewé tí ẹnì kan fẹ́ fi ta bàtà! Tó bá sọnù lónìí, a lè jókòó tún un kọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ló fẹ́ tún ohùn màmá kọ? A mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Àwọn tó ń sanwó fún wa nìkan la ń ṣe é fún. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bínú, ara wa la sì kọ́kọ́ ń bá wí.

Àwọn kan á ní: "Kí lẹ tún ń fi dísìkì ṣe láyé cloud?" Ẹ gbọ́ ná. Cloud wúlò, àwa náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ni, ní ilẹ̀ ẹlòmíì, lábẹ́ òfin ẹlòmíì. Google Photos gbà kí á kó fọ́tò sí i lọ́fẹ̀ẹ́ láìníye títí di June 1, 2021. Láti ọjọ́ náà, 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, kí fọ́tò, íméèlì àti fáìlì jọ pín in. Àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí fún ọdún méjì, Google ti ní àwọn lè pa á rẹ́. Ẹ ro ìyẹn wò fún àkáǹtì ẹni tó ti kú.

Ẹ tún wo owó. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì wa dín iye tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù títí ó fi di ogún dọ́là lóṣù, àwọn míì sì dá a dúró pátápátá. Nígbà tí ìjọba tú owó náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan tí kò tó ₦500 kọjá ₦1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fi dọ́là sanwó ibi tó kó fọ́tò ọmọ rẹ̀ sí, ó ti fi fọ́tò yẹn sọ́wọ́ ọjà dọ́là nìyẹn.

Íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní March 14, 2024, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní etíkun Côte d'Ivoire. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ òkùnkùn, báǹkì ń ṣe ségesège, àwa tí a wà ní Yábàá jókòó, à ń wo ara wa. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó ní dísìkì nílé rí fáìlì rẹ̀. Ẹni tí gbogbo tiẹ̀ wà lókè òkun ń dúró de ọkọ̀ ojú omi.

Àwọn kejì ni àwọn tó fẹ́ràn eré sísá. SSD ni tiwọn, bó ṣe ń yára, bó ṣe tín-ín-rín. Òótọ́ ni pé SSD kò ní ohun tó ń yí nínú, kò sì rọrùn láti bàjẹ́ tó bá já bọ́. Háàdì dísìkì ní àwo tó ń yí, orí tó ń kà á sì ń fò lókè rẹ̀ pẹ̀lú àyè tó kéré ju eruku lọ. Tó bá já bọ́ níbi tó ti ń yí, ó lè parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n SSD tí ẹ kó sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún púpọ̀ láìfi iná kàn án lè gbàgbé ohun tí ẹ fi sí i, nítorí iná díẹ̀díẹ̀ ló fi ń rántí. Bí wọ́n bá sì jọ gba ìwọ̀n kan náà, SSD ló máa ń wọ́n jù. Ohun tí ẹ fẹ́ kó pamọ́, tí ẹ ò ní ṣí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún, kí ló fẹ́ fi eré sísá ṣe? Háàdì dísìkì gidi méjì sàn ju SSD olówó ńlá kan lọ. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, a gbà. Ṣùgbọ́n ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo náà lè dànù.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Gbogbo ẹni tó ń fi fáìlì jẹun ló mọ òfin kan tí Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, sọ di olókìkí: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níta ilé. Àwọn èèyàn wa máa ń gbọ́ mẹ́ta, wọ́n máa ń gbọ́ méjì. Wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀kan yẹn.

Ó yẹ kí ará Mainland gbọ́ ọ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ilé Fẹlá, Kalakuta, wà ní Agege Motor Road, kò jìnnà sí Jíbówú. Ní February 18, 1977, àwọn ológun wọ ibẹ̀, wọ́n lu èèyàn, wọ́n ju ìyá Fẹlá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa màmá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé fíìmù kan wà tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nípa ìgbésí ayé Fẹlá, The Black President; ohùn rẹ̀ jóná mọ́ ilé náà. Ilé kan, iná kan, ó tán. Kò sí irú dísìkì tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àfi èyí tó wà nílé ẹlòmíì.

Ẹ fi wé ti Pixar ní Amẹ́ríkà. Ní 1998, ẹnì kan tẹ àṣẹ kan lórí kọ̀ǹpútà, fíìmù Toy Story 2 sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́ lójú wọn. Wọ́n sáré lọ síbi tí wọ́n ń kó ẹ̀dà sí, wọ́n rí i pé ẹ̀dà yẹn ti ń bàjẹ́ tipẹ́, ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ló yọ wọ́n? Kọ̀ǹpútà tó wà nílé Galyn Susman, òṣìṣẹ́ wọn kan tó bímọ, tó ń ti ilé ṣiṣẹ́. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, wọ́n fi mọ́tò gbé e dé ọ́fíìsì. Pẹ̀lú gbogbo owó ilé iṣẹ́ yẹn, ẹ̀dà tó wà nílé abiyamọ ló gbà wọ́n.

Mọ́tò! Jíbówú là ń gbé, ẹ̀yin èèyàn wa. Kí ni Jíbówú bí kò ṣe ibùdókọ̀? Láti òwúrọ̀ kùtù ni ọkọ̀ ti ń gbéra lójú wa, tí wọ́n ń lọ sí Benin, Onitsha àti Abuja, tí àwọn èèyàn ń fi waybill ránṣẹ́ sí ìyá, ìyàwó àti àbúrò. Reluwé tó ń lọ Ìbàdàn sì wà ní Alágoméjì níbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Tí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń gbé 10Mbps lọ sókè, 1TB á gbà á ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ láìsinmi, láìmú iná. Reluwé á gbé 1TB kan náà dé Mọ́níyà láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, nínú báàgì yín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí à ń wá wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Ohun tí à ń ṣe nílé wa báyìí nìyí. A ra háàdì dísìkì méjì ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àìsàn kan náà má bàa pa àwọn méjèèjì pọ̀. A dán wọn wò tán kí a tó kó nǹkan sí wọn. A fi BitLocker tàbí VeraCrypt tì wọ́n, kí ẹni tó bá rí wọn he má lè ka nǹkan inú wọn. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wa ní Jíbówú, nínú ike tó dé dáadáa, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun. A kì í fi í sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà, nítorí fáírọ́ọ̀sì tó bá wọ kọ̀ǹpútà á wọ òun náà, iná tí NEPA bá sì mú wá lójijì kò mọ ọmọ ẹni. Ìkejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ìbàdàn. Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, a máa ń gbé èyí tó wà níbí lọ, a ó gbé tọ̀hún bọ̀. A ó ṣí i, a ó gbọ́ ohùn kan, a ó wo fọ́tò kan, kì í ṣe orúkọ fáìlì nìkan. A kọ password rẹ̀ sórí bébà, bébà náà sì wà lọ́wọ́ ẹni tí a fọkàn tán, tí kì í ṣe ẹni tí dísìkì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí a bá kú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè ṣí i. Ẹ̀dà kẹta, ti cloud, wà fún ohun tó ṣe pàtàkì jù.

"Owó ńkọ́?" Ó tọ́ kí ẹ béèrè. Ẹ má ra 4TB. Ohùn ogójì ìṣẹ́jú kò gbà ju ààyè fọ́tò díẹ̀ lọ. Fíláàṣì kékeré gidi méjì tí ẹ ti dán wò, ọ̀kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ màmá yín nínú àpótí tí wọ́n ń kó ìró ìgbéyàwó wọn sí, sàn ju dísìkì ńlá kan ṣoṣo tí ẹ fi ń yangàn lọ. Ẹ wo iye tí ẹ ná sórí àpò fóònù lọ́dún yìí.

"Èmi ò ní nǹkan pàtàkì." Irọ́. Ẹ ṣí WhatsApp yín nísinsìnyí, ẹ wá voice note ẹni tó ti kú.

Ẹ ti rí i? Ó wà lórí fóònù kan ṣoṣo, àbí? Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ẹ fi ṣe ẹ̀dà kan lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wá ibi tí ìkejì máa wà ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ní ti àwa, nígbà tí a bá gbé dísìkì dé Ìbàdàn, a máa ń rí fódà kan níbẹ̀ tí a kọ "Ìkìrun 2019" sí. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. A ò pa á rẹ́.