Ẹ Má Lé Yorùbá Jáde Ní Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì Wa

 

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan dìde láàárín wa, wọ́n ní kí Ẹgbẹ́ fi òfin sí kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì tí a máa ń ṣe fún àwọn ọmọ wa nígbà ìsinmi oṣù kẹjọ. Wọ́n ní ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, kó san owó ìtanràn. Wọ́n ní Faransé nìkan ni kí olùkọ́ máa fi ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì, torí Yorùbá ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Ọ̀pọ̀ pàtẹ́wọ́. Àwa tí a wà ní ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ kò pàtẹ́wọ́, a sì ti tọrọ àyè nínú ìwé ìròyìn yìí láti sọ ìdí rẹ̀. Faransé tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àtẹ̀gùn yẹn gan-an ló ń gbé ọmọ wa ṣubú. Yorùbá tí wọ́n fẹ́ lé síta ló mọ ọ̀nà ibẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ara wa. Ṣé ẹ ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì? Nígbà tí a fẹ́ pe àwọn ará wa tó wà ní òdìkejì bodè wá sí àjọ̀dún wa, àwa ìgbìmọ̀ la jókòó kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí wọn. A ò gbé e fún ọmọdé o. Àwa àgbà tó ní ìwé ẹ̀rí la kọ ọ́. A kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Faransé, a wá ń yí i padà lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bá wa péjú, àti pé bóyá a lè bá wọn san owó bọ́ọ̀sì. Ohun tí a kọ nìyí: We demand your assistance at our feast. Eventually we will pay the bus.

Wọ́n kà á lọ́hùn-ún, ojú wọn le. Demander ti Faransé kò ju kéèyàn béèrè lọ, ṣùgbọ́n demand ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń fi agbára béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń lò ó. Assister à ni kéèyàn wà níbi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Assistance ti Gẹ̀ẹ́sì, ìrànlọ́wọ́ ni. Wọ́n rò pé a fẹ́ fi tipátipá gbowó lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀ wọ́n wá, nítorí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, wọ́n sì mú ìwé owó bọ́ọ̀sì dání. Éventuellement, bóyá ni. Eventually, ìlérí ni: bó pẹ́ bó yá, a ó san án. A san án náà. Inú owó páànù gbọ̀ngàn wa la ti yọ ọ́, ẹ sì mọ ibi tí òjò ń bá wa tí a bá ń ṣèpàdé.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú lẹ́tà yẹn. Èwo nínú wọn ló ti inú Yorùbá wá? Ká ní àtinú "a bẹ̀ yín" la ti gbéra, ta ni yóò yí i sí demand? Ká ní àtinú "bóyá" la ti gbéra, perhaps la ò bá kọ, páànù wa ì bá sì ti dé orí gbọ̀ngàn. Ọ̀rọ̀ Faransé tó jọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójú ló tàn wá. Yorùbá ò jọ Gẹ̀ẹ́sì rárá, nítorí náà kò lè fi ojú jíjọ tan ẹnikẹ́ni.

Irú rẹ̀ pọ̀ bí i yanrìn. Ọmọ kíláàsì wa kan kọ̀wé wá iṣẹ́ síléeṣẹ́ kan lókè bodè, ó ní I passed my examination in June. Ó rò pé òun ń sọ pé òun ṣe ìdánwò, torí passer un examen ni kéèyàn jókòó ṣe é. Àwọn yẹn kà á pé ó yege, wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí wá. Èsì ò tíì jáde! Wọ́n pè é ní onírọ́, ó pàdánù iṣẹ́, ọmọ náà sì gba ilé wá pẹ̀lú ìtìjú tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ ṣe ìdánwò, ọmọ yege ìdánwò: ṣé Yorùbá pa méjèèjì pọ̀ ni? Bákan náà ni attend, tí àwọn ọmọ ń lò fún kéèyàn dúró de ẹnìkan, torí attendre. Library, tí wọ́n ń wá lọ láti ra ìwé, torí librairie. Actually, tí wọ́n fi ń sọ pé "nísinsìnyí", torí actuellement. A ò ní ka gbogbo rẹ̀ tán níbí.

Àwọn tó pàtẹ́wọ́ yóò ní ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn, pé gírámà ni Faransé ti wúlò. Ibẹ̀ gan-an la fẹ́ kí ẹ bá wa dúró sí. Ẹ bi ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jù, yóò sọ fún yín pé òun ò mọ ìgbà tí òun yóò sọ I go àti ìgbà tí òun yóò sọ I am going. Faransé ní je vais fún méjèèjì. Wọ́n á ní être en train de wà níbẹ̀. Ó wà, àmọ́ ta ló ń fi í sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́? Ẹ wá gbọ́ Yorùbá: mo máa ń lọ sọ́jà, mo ń lọ sọ́jà. Ìyá oníyẹ̀fun tí kò jókòó ní kíláàsì rí mọ̀ pé ọ̀kan ni ìṣe òun, èkejì sì ni ẹsẹ̀ òun tó wà lójú ọ̀nà báyìí. Lóòótọ́, a máa ń gé e kúrú lẹ́nu nígbà míì, a ó ní "ó ń ta gàrí" fún ẹni tó fi í ṣe òwò, kódà tó bá ń sùn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí olùkọ́ bá ti ní kí ọmọ dán "máa ń" wò nínú gbólóhùn rẹ̀, kíá ni yóò mọ̀. Tí "máa ń" bá wọ̀ ọ́, I go. Bí kò bá wọ̀ ọ́, I am going. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ti "ti" náà ń bẹ. Ọmọ CEG yóò kọ I am here since Monday, torí je suis ici depuis lundi. Ṣùgbọ́n àwa ní mo ti wà níbí láti ọjọ́ Ajé, "ti" yẹn sì ni have been tí Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè. Ẹ yí i padà, ẹ wò ó. Ọmọ kan náà yóò kọ I have seen your father yesterday, torí j'ai vu ton père hier. Yorùbá ní mo rí bàbá rẹ lánàá, a kì í sábà fi "ti" sí i tí a bá ti dárúkọ àná. Gẹ̀ẹ́sì náà kò fi have sí i: I saw. Ọmọ ní òdiwọ̀n yìí lẹ́nu kó tó wọ iléèwé. Àwa la sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà ẹ̀.

Tí wọ́n bá bi í ní ọjọ́ orí ńkọ́? I have fifteen years, torí j'ai quinze ans. Yorùbá ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí. I am. Àti lẹ́tà h! Faransé kì í pè é. Ọmọ wa kan dé ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ ní Èkó, ebi ń pa á, ó ní I am angry. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, wọ́n ń wádìí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó lè pe ahọ́n, tó lè pe ihò, kí ló kù tí kò lè pe hungry? Faransé ló kọ́ ọ pé kó máa fo h tó bá ti rí i.

A ò ní parọ́ pé Yorùbá kì í dá tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn alátakò wa ti ka ẹ̀sùn mẹ́ta sí i lọ́rùn, a sì gbà pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Èkíní, "yá": ọmọ yóò ní borrow me your pen. Èkejì, "kọ́": yóò ní she learned me English. Ẹ̀kẹta, "ó" àti "rẹ̀", tí kò sọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ó dáa. Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, borrow. Mo yá a lówó, lend. Mo kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, learn. Mo kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, teach. Ìlànà kan náà ló tú méjèèjì: tí èèyàn bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà, tí "ní" sì tẹ̀ lé èèyàn, lend àti teach ni. Ọmọ ti mọ ìyàtọ̀ náà, orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí a fi òfin dí lẹ́nu, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ fún un? Ẹ sì rántí pé apprendre ti Faransé náà, kéèyàn kọ́ nǹkan àti kéèyàn kọ́ni ló ń jẹ́. Prêter àti emprunter ya ara wọn lóòótọ́, a fún wọn ní ìyẹn.

Ní ti "rẹ̀", he àti she gba ìdánrawò, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Faransé fi kún un: son àti sa kì í wo ẹni tó ni nǹkan, nǹkan náà ni wọ́n ń wò. Ọmọkùnrin á wá kọ nípa ara bàbá ẹ̀ pé he loves her mother, torí sa mère. Àṣìṣe yìí pọ̀ nínú ìwé àwọn ọmọ tí a yẹ̀ wò lọ́dún tó kọjá. Live àti leave ńkọ́, ship àti sheep? Yorùbá ò gbà wá níbẹ̀, Faransé náà ò gbà wá. Etí àti ẹnu nìkan ni, ká máa pè é léraléra.

Owó ìtanràn tí wọ́n ń sọ yìí ló bí wa nínú jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà láàárín wa, ṣé ẹ ò mọ signal mọ́? Igi tàbí egungun tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ lọ́rùn torí pé ó sọ èdè ìyá ẹ̀? Àwọn kan nínú yín ló gbé e kọ́rùn títí aago fi lù. Lónìí, nínú gbọ̀ngàn tí a fi owó ara wa kọ́, ẹ fẹ́ gbé e kọ́ ọmọ-ọmọ yín lọ́rùn, ẹ kàn pè é ní owó ìtanràn. Òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990, ní abala 11, fún gbogbo àwùjọ ní òmìnira láti lo èdè wọn ní sísọ àti ní kíkọ. Òfin ìjọba fún wa láyè, Ẹgbẹ́ Yorùbá wá fẹ́ gbà á padà!

Wọ́n á tún ní kò sí ibi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára. Ó wà. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bábátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, lọ́dọ̀ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yára gbé bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lọ, tó fi mọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí tí àwa fi ń wá Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe fáàrí. Lọ́dún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó pín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sápá ọ̀hún, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Kétu látijọ́ bọ́ sápá kejì. Ọjà wa wà níbẹ̀, àna wa wà níbẹ̀, yunifásítì tí ọmọ wa ń wọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí àwa àti wọn bá pàdé lójúkojú, Yorùbá la ń sọ, kò sẹ́ni tó ń bínú. Ìwé ló ń ya wá, torí wọ́n ń kọ tiwọn ní Gẹ̀ẹ́sì, a ń kọ tiwa ní Faransé, a wá ń fi èdè àjèjì méjì ṣe ògbufọ̀ láàárín ọmọ ìyá.

Ẹnìkan bi wá lẹ́nu ọ̀nà pé àwọn ọmọ Gùn àti Fọ̀n tó wà ní kíláàsì ńkọ́. Ìbéèrè gidi ni. A ní kí olùkọ́ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé tiwọn, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí a lé Faransé náà jáde. Ọmọ ní láti rí i pé demander àti demand kì í ṣe ìbejì, kò sì lè rí i bí a kò bá gbé méjèèjì sójú kan náà.

Ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí Ẹgbẹ́ da òfin ìtanràn yẹn nù. Kí olùkọ́ tí a bá gbà lóṣù kẹjọ yìí jẹ́ ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ì báà jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kéré sí ti ẹlòmíì. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ọlọ́nà mẹ́ta: Yorùbá lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì láàárín, ọ̀rọ̀ Faransé tó lè tàn án lápá ọ̀tún. Àwa ti bẹ̀rẹ̀ èyí tí olùkọ́ yóò lò, ojú ewé mọ́kànlá ló ti dé.

Ìpàdé tó ń bọ̀ la ó dìbò lé e lórí. Ẹni tó bá ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan nílé tó ti kó o sí wàhálà rí, kó jọ̀ọ́ mú un dání wá. A ó bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìwé ọlọ́nà mẹ́ta la fẹ́ fi kún.